Ìbéèrè Méjì tí Síkírá Fi Rọ́pò Ìwé Ńlá

Ní ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn, òjò ká mi mọ́ abẹ́ afárá Ṣàngó. Ọkùnrin kan tó ń ra páálí àlòkù ti to páálí rẹ̀ jọ gègèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó afárá, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ òjò lù ú. Nígbà tí páálí náà rin gbingbin, òórùn rẹ̀ gbéra, ó wá bá mi níbi tí mo dúró sí: òórùn ìwé tútù tó fẹ́ máa rà, bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sínú omi ọṣẹ. Àwọn tó dúró tì mí ń fi ọwọ́ bo imú. Èmi kò bo tèmi. Mo fà á símú títí àyà fi ń dùn mí, nítorí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti gbọ́ òórùn yẹn kẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ tó sì ń mú un jáde nígbà náà ti di gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣe ìsìn.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí kò lè mọ bí Joju, àdúgbò wa ní Ọ̀tà, ṣe rí nígbà tí mò ń wí yìí. Ilé tí ẹ bá yà sí lọ́tùn-ún, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Èyí tí ẹ bá yà sí lósì, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà ni. Ará Ìwó, ará Ẹdẹ, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ìlaròó bí tiwa, fèrè ló kó gbogbo wa jọ. Fèrè ilé-iṣẹ́ ló ń jí wa láàárọ̀, òun ló ń pe àwọn bàbá wa wọlé, òun náà ló ń tú wọn sílẹ̀. Àkùkọ tó wà nínú ọgbà wa gan-an kì í kọ àfi bí fèrè bá ti kọ́kọ́ dún. Àwọn àgbà a máa ní òun náà ti gbaṣẹ́.

Ilé oníyàrá mẹ́wàá ni ilé wa, márùn-ún dojú kọ márùn-ún. Yàrá méjì tó wà níwájú ni tiwa, nítorí bàbá mi jẹ́ súpáfáísọ̀. Yàrá kan ṣoṣo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná ni ti Bàbá Síkírá, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ wọn kan ṣoṣo ń gbé. Ìyá Síkírá ń ta kẹrosíìnì lẹ́nu ọ̀nà, a sì máa ń fi Síkírá ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì pé aṣọ rẹ̀ ń rùn kẹrosíìnì. Síkírá kì í bínú. Ó ní bí gbogbo wa bá wà nínú òkùnkùn, òun ni a ó wá bá.

Ayé Sáàpù ni wọ́n ń pe àkókò náà, nígbà tí ìjọba ń tún ọrọ̀ ajé tò, tí owó náírà sì ń já wálẹ̀. Àwa ọmọdé rò pé orúkọ ènìyàn ni, nítorí bí àwọn àgbà ṣe ń dá a lẹ́jọ́: Sáàpù ti gbé mílíìkì lọ, Sáàpù kò jẹ́ kí àwọn ra bàtà. Àbúrò mi Délé, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bèèrè lọ́jọ́ kan pé níbo ni Sáàpù ń gbé, kí àwọn àgbààgbà lọ bẹ̀ ẹ́. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, ìyá mi a máa fi òwú gé ẹyin kan ṣoṣo sí mẹ́rin, ọgbọọgba, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Ilé-iṣẹ́ tí àwọn bàbá wa méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́, ìwé àlòkù ni wọ́n ń sọ di páálí àti ìwé ìnùdí. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó ìwé náà láti òkè òkun wá sí Àpápá, tírélà a sì gbé e wá sí Ọ̀tà ní ìdì ńláńlá tí wọ́n fi wáyà dì. Bàbá Síkírá wà lára àwọn tó ń já wáyà, tí wọ́n ń ṣa ọ̀rá àti irin kúrò kí ìwé tó wọnú omi. Bàbá mi ni ọ̀gá wọn ní ẹ̀ka yẹn. Òfin ni pé kí òṣìṣẹ́ má mú ohunkóhun jáde, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fi ìwé kan sábẹ́ ẹ̀wù, ọlọ́dẹ ẹnu géètì a máa wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń wá òjò. Bàbá mi náà mọ̀, òun náà a sì máa wo ojú ọ̀run.

Báyìí ni Bàbá Síkírá ṣe ń kó ìwé wálé fún ọmọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ òyìnbó. Ó lè ka Àlùkùráánì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì lè kọ orúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán ẹ̀yìn ìwé ló fi ń yan ìwé òyìnbó. Nítorí náà Síkírá ti ka ìwé oúnjẹ ajá, ìwé títún ọkọ̀ ojú omi ṣe, àti ìwé kan tó kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń gbé nínú yìnyín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ ọdún tí èmi àti òun pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, bàbá rẹ̀ gbé èyí tó nípọn jù lọ wálé. Ó wúwo bí bíríkì. Nínú àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀, ọkùnrin kan na idà sí aláǹgbá kan tó tóbi ju ilé lọ, tó ní ìyẹ́ apá, tí iná ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì la fi kà á, pẹ̀lú díkíṣọ́nárì bàbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kó tó yé wa pé kì í ṣe ìtàn. Eré ni. Eré náà kò ní pátákó, kò ní ọmọ ayò. Ẹnì kan á máa ṣe àpèjúwe: igbó rèé, ẹnu ihò rèé, ohun kan ń mí nínú rẹ̀. Olúkúlùkù àwọn yòókù á dá ènìyàn kan sílẹ̀ láti inú orí ara rẹ̀, á sọ ohun tí ẹni náà ṣe, nọ́ńbà á sì sọ bóyá ó ṣeé ṣe tàbí kò ṣeé ṣe. A pè é ní Eré Àfẹnuṣe. Ọmọ Délé sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń ṣe irú rẹ̀ ní Èkó títí dòní, pé ohun tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ń wá kiri ni òfin tó rọrùn, nítorí òfin inú ìwé ti pọ̀ jù. Mo ní kó jókòó.

Òfin ìwé tiwa pọ̀ ju irun orí lọ. Ẹni tí o dá sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà mẹ́fà: ti agbára apá, ti ìyára ẹsẹ̀, ti ọgbọ́n orí, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá já láti orí igi, ojúewé kan wà fún un. Bí ó bá já láti orí òrùlé, òmíràn ni. Ìwé náà ní kí a ju dáìsì olójú ogún, nígbà tó jẹ́ pé dáìsì lúdò olójú mẹ́fà nìkan la rí rí láyé wa. A ká bébà ogún sínú agolo mílíìkì tó ti pẹ́ tí kò rí mílíìkì mọ́, a kọ nọ́ńbà sí wọn, a sì ń yọ wọ́n níkọ̀ọ̀kan.

Èmi ni adarí eré, nítorí èmi ni mo mọ ìṣirò jù. Kí n má parọ́ fún yín, mo fẹ́ràn òfin náà. Nínú ilé tí a kò ti mọ iye tí gàrí yóò jẹ́ lọ́la, mo rí ìwé kan tí gbogbo nǹkan ní àyè tirẹ̀ nínú rẹ̀, tí ìdáhùn sì wà fún ohun gbogbo bí ènìyàn bá ti lè ro nọ́ńbà pọ̀. Délé dá òmìrán kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Géńdé. Síkírá dá obìnrin kan sílẹ̀, jagunjagun tó ń fi ọ̀kọ̀ jà, tí kò ní ìyá, tí kò ní bàbá, ó sọ ọ́ ní Arógunyọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń tọ́jú Arógunyọ̀. Bí a bá ń pọn omi, á ní Arógunyọ̀ ì bá ti pọn ún tán.

Ọjọ́ tí Arógunyọ̀ kú, orí afárá olókùn ló wà. Mo ro agbára rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìyára rẹ̀, mo yọ ìwúwo ọ̀kọ̀ rẹ̀ kúrò, mo yọ ti ẹ̀fúùfù, mo ṣí ojúewé mẹ́rin. Délé ti sùn lọ sórí ẹní. Nígbà tí mo fi máa ṣe tán, oòrùn ti kúrò lórí ògiri.

"Ó ti já bọ́," ni mo wí. "Ó ti kú."

"Ta ló pa á?" ni Síkírá bèèrè.

"Ìwé ni."

"Ìwé kò mọ̀ ọ́n. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

"Èmi kọ́ ni mo kọ òfin."

Ó gbé ìwé náà, ó bá ti ẹ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi bá mi rìn lọ sí ilé-ìwé.

Lẹ́yìn náà ni mo tó mọ ohun tó ń ṣe. Ó jókòó ti òfin náà bí ìgbà tí ènìyàn ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ó kọ́kọ́ yọ ìwúwo ẹrù kúrò. Ó yọ ojúewé jíjá láti orí igi. Ó dán an wò pẹ̀lú Délé lẹ́yìn ilé ìdáná, ó rí i pé ó ṣì pọ̀, ó tún dín nọ́ńbà mẹ́fà kù sí mẹ́ta, ó dín mẹ́ta kù sí ẹyọ kan, ó sì yọ ẹyọ kan náà dànù. Ní ọjọ́ karùn-ún ó fi ẹ̀yìn ìwé ìkọ̀wé rẹ̀ hàn mí. Ìlà mẹ́fà péré ló wà níbẹ̀.

Ìbéèrè méjì ni. Kí lo fẹ́ ṣe? Kí lò ń bẹ̀rù? Lẹ́yìn náà, ju dáìsì lúdò lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá jẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, ohun tí o fẹ́ ṣẹlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú ohun tí ò ń bẹ̀rù bá a wá. Bí ó bá jẹ́ ení tàbí èjì, ẹ̀rù rẹ ló ṣẹlẹ̀.

"Ṣé ìyẹn nìkan?" ni mo bi í.

"Ìyẹn nìkan."

"Agbára ńkọ́? Ẹni tó lágbára àti ẹni tí kò lágbára kò lè jẹ́ ọgbọọgba."

"Bó o bá lágbára, sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Bí a bá gbà ọ́ gbọ́, wàá ju dáìsì lẹ́ẹ̀mejì, wàá mú èyí tó dára jù."

Mo yọ ṣùtì sí i. Mo ní eré ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n Síkírá ló darí eré lọ́jọ́ náà, Délé kò sì sùn. Délé tí kì í sọ̀rọ̀ nígbà òfin tèmi, tó kàn ń dúró kí n ṣírò tán, dìde dúró, ó ní Géńdé fẹ́ gbé òkè ńlá kúrò lójú ọ̀nà. Síkírá bi í pé kí ló ń bẹ̀rù. Ọmọ náà ronú. Ó ní ẹ̀rù ń ba Géńdé pé bí òun bá ń gbé òkè lọ́wọ́, àwọn yòókù á kọjá, wọ́n á gbàgbé òun sílẹ̀. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú àbúrò mi. Ó ju mẹ́fà, a sì hó yèè débi pé ìyá mi yọjú láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni a kò ṣí ìwé ńlá mọ́. Ní ọ̀sán Sátidé kan, Bàbá Síkírá dé láti ibi iṣẹ́ àárọ̀, ó ti gbé kẹ́tùrù láti ṣàlùwàlá, ó sì dúró tì wá. Ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tó máa ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Ó ní kí á jẹ́ kí òun náà ṣe.

"Kí lẹ fẹ́ ṣe, Bàbá?" ni Síkírá bèèrè.

"Mo fẹ́ ra ilẹ̀ kékeré kan ní ìlú tí ẹ ń wí yìí." Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Kí lẹ̀ ń bẹ̀rù?"

Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró díẹ̀díẹ̀. "Kí fèrè má dún mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan."

Ó ju mẹ́rin. Síkírá la ẹnu láti sọ apá kan tó dùn àti apá kan tí kò dùn, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ dá a dúró. Ó ní, "Má parí ẹ̀, ọmọ mi. Jẹ́ kí n máa gbádùn ilẹ̀ mi ná." Ó gbé kẹ́tùrù rẹ̀, ó lọ kí ìrun Àlàásárì.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni tírélà kò wá mọ́ bí ó ṣe ń wá. Wọ́n ní owó òyìnbó ti gbówó lórí, pé ìdì ìwé kan ti gba ohun tí mẹ́rin ń gbà tẹ́lẹ̀. Àwọn ọkùnrin ọgbà wa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Bí bàbá mi bá sì yọ, wọ́n á kí i, wọ́n á dákẹ́.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá mi tẹ́ ìwé gbọọrọ kan sórí tábìlì. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ojú.

Ó ní, "Wá bá mi ro èyí pọ̀. Ojú ti ń rẹ̀ mí."

Inú mi dùn pé ó pè mí. Orúkọ ogójì ọkùnrin ló wà níbẹ̀, orúkọ bàbá wọn ló ṣáájú, nítorí náà n kò tètè dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, máàkì wà fún iye ọdún tí ẹni náà ti lò, fún ìwé ẹ̀rí, fún ìwà. Máàkì tí wọ́n yọ nítorí ọjọ́ tí kò wá sí iṣẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nọ́ńbà kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n fi gègé pupa fàlà sí. Ẹni tí tirẹ̀ bá wà lókè ìlà náà á dúró sẹ́nu iṣẹ́, ẹni tí tirẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á lọ. Ó tó orúkọ keje kí ohun tí mò ń ṣe tó yé mi, ọwọ́ mi sì ń lọ síbẹ̀síbẹ̀, nítorí ìṣirò náà kò le.

Orúkọ kẹsàn-án ni Rájí Músílíù: Bàbá Síkírá ni. Máàkì ọdún rẹ̀ dára. Ìwà: bàbá mi ti fún un ní gbogbo rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí: òdo. Ọjọ́ tí kò wá: mẹ́jọ. Mo rò ó pọ̀. Ó fi méjì kéré. Mo tún un rò láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó fi méjì kéré. Mo rò ó lẹ́ẹ̀kẹta.

"Bàbá," ni mo wí, "ọjọ́ mẹ́jọ yìí, ìyá wọn ló kú. Wọ́n lọ sin ín ní Ìwó."

"Mo mọ̀."

"Ṣé kò sí ibi tí ẹ lè kọ ìyẹn sí?"

Ó wo ìwé náà bí ẹni tó ń wá ihò lára ògiri. "Kò sí." Ó ní, "Bí mo bá gbé e gòkè, ta ni kí n fà wálẹ̀ dípò rẹ̀? Dárúkọ ẹ̀ fún mi."

Mo fi ìka tọ orúkọ yòókù wálẹ̀. Gbogbo wọn ló ní ọmọ nínú ọgbà kan tàbí òmíràn ní Joju.

"Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀," ni bàbá mi wí. "Kì í ṣe èmi. Kì í ṣe ìwọ."

Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹnu tèmi ló ti jáde sí Síkírá, ó sì dùn lẹ́nu mi nígbà náà. Mo kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, ó dúró ṣánṣán. Ìyá mi wà lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ṣíbí ìro ọbẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó yí padà lọ sí ilé ìdáná, kò sì bá bàbá mi jẹun lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n pín lẹ́tà. Mò ń fọ abọ́ lẹ́bàá kànga nígbà tí Bàbá Síkírá wọlé, tí kò sì tíì tó àkókò tí fèrè ń tú wọn sílẹ̀. Síkírá kò tíì dé láti ilé-ìwé, wọ́n ní kó máa ro ọgbà ilé-ìwé nítorí pé ó pẹ́ dé láàárọ̀. Bàbá náà na àpò ìwé funfun kan sí mi.

"Ọmọ Ọ̀gá, jọ̀ọ́, bá mi ka èyí. Wọ́n kà á fún wa lápapọ̀, ṣùgbọ́n ariwo pọ̀."

Mo nu ọwọ́ mi lára ìró. Mo kà á ní òyìnbó, mo sọ ọ́ ní Yorùbá: pé ilé-iṣẹ́ kò nílò iṣẹ́ wọn mọ́ láti òní lọ, nítorí bí ọrọ̀ ajé ṣe rí, pé kí wọ́n dá bàtà àti ẹ̀wù iṣẹ́ padà, pé ilé-iṣẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún gbogbo ọdún tí wọ́n ti lò.

"Tún un kà, díẹ̀díẹ̀."

Mo tún un kà.

"Wọ́n ní àwọn dúpẹ́?"

"Wọ́n ní àwọn dúpẹ́, sà."

"Ó dáa." Ó ká lẹ́tà náà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó fi í sápò àyà. "O ṣeun, ọmọ mi. Má ì tíì sọ fún Síkírá. Jẹ́ kó dé, kó jẹun ná."

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni Síkírá pè wá pé kí á ṣeré. Ó ní òun fẹ́ gbàgbé ilé fún ìgbà díẹ̀. Òun ló ń darí. Ó mú wa dé ẹnu géètì ìlú kan tí èéfín bò, ó sì bi mí pé kí ni mo fẹ́ ṣe. Mo ní mo fẹ́ wọlé. Ó bi mí pé kí ni mò ń bẹ̀rù.

N kò mọ ohun tó ṣe mí. Bóyá nítorí pé kò sí ojúewé tí mo lè sá sẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, "Mò ń bẹ̀rù kí o má lọ gbọ́ pé èmi ni mo ro máàkì wọn pọ̀. Ti àwọn tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ti bàbá rẹ."

Délé wò mí. Síkírá kò gbé dáìsì náà.

"Mélòó ló fi kéré?" ni ó bèèrè.

"Méjì."

"Ṣé o tún un rò?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Ó tọ̀nà?"

"Ó tọ̀nà."

Ó mi orí bí tíṣà tó máàkì iṣẹ́ ọmọ tán. Ó pa ìwé ìkọ̀wé rẹ̀ dé, ó dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀. Yàtọ̀ sí kíkí, a kò tún bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́.

Bàbá Síkírá wá iṣẹ́ kiri títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Ó gbé yanrìn, ó ru símẹ́ńtì ní Ṣàngó. Níkẹyìn ó rí iṣẹ́ ojúmọ́ ní ibi kan tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Wọn kì í fún oníṣẹ́ ojúmọ́ ní bàtà. Ẹni tó bá ní tirẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni irin gbígbóná dà sí i láti ìbàdí dé ẹsẹ̀. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, ọjọ́ mẹ́ta ló sì lò níbẹ̀ kó tó kú. Ìyá Síkírá ta gbogbo kẹrosíìnì rẹ̀ àti garawa tó fi ń bù ú, kò tó. Nígbà tí wọ́n ń sin ín, bàbá mi kò lè wọ ibi ìsìnkú. Ó dúró sẹ́yìn ògiri, ó ká fìlà rẹ̀ mọ́ ọwọ́, àwọn tó ń jáde sì ń kí i, "Ẹ kú ìrọ́jú, Ọ̀gá." 

Kí oṣù náà tó parí, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń lọ sí Ìwó gbé ìyá àti ọmọ pẹ̀lú ẹrù wọn. Ìwé ńlá náà kù sínú ilé ìdáná. Ojúewé rẹ̀ ni ìyá mi fi ń dáná títí ó fi tán. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn ro máàkì bàbá mi pọ̀ ní ọ́fíìsì kan tí a kò mọ̀, òun náà sì gba lẹ́tà tirẹ̀. Ó padà sí oko ní Ìlaròó. N kò gbọ́ kó ráhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo títí ó fi kú.

Ọdún tí mo ń parí ilé-ìwé olùkọ́ni ni mo wọ mọ́tò lọ sí Ìwó. Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún wọn; mo ti sọ ọ́ fún ara mi láti Ìbàdàn. Mo bèèrè agbolé wọn títí mo fi rí i. Ìyá Síkírá ló jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun. Ó dá mi mọ̀ kí n tó kúnlẹ̀ tán. Ó pariwo, ó gbá mi mọ́ra, ó ní Ọmọ Ọ̀gá ti di ìyàwó ilé. Síkírá kò sí. Ó ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Kùtọnu, wọn kì í sì í dúró lójú kan.

Ó gbé ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sí iwájú mi, ó jókòó tì mí bí mo ṣe ń jẹun.

Ó ní, "Síkírá sọ ọ̀rọ̀ rẹ fún mi. Ó ní bàbá òun ló sọ fún òun kó tó kú. Ó ní ìwọ lo ka lẹ́tà yẹn fún un, o sì kà á pẹ̀lú sùúrù, lẹ́ẹ̀mejì, o kò fi í ṣẹ̀sín. Kò gbàgbé ẹ."

Mo dúró kó sọ ìyókù. Kò sí ìyókù. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì rí i pé kò mọ̀ pé èmi ni mo ro máàkì ọkọ rẹ̀ pọ̀. Fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọmọ rẹ̀ kò sọ fún un.

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó gbàdúrà fún mi. Ó gbàdúrà fún bàbá mi pẹ̀lú, ó dárúkọ rẹ̀, ó ní ọ̀gá rere ni, pé òun ló ń wo ojú ọ̀run nígbà tí ọkọ òun ń kó ìwé wálé fún ọmọ.

Joju ti yí padà. Ọ̀dà ti dé ojú ọ̀nà, fèrè kò dún mọ́, àwọn tó sì ń gbaṣẹ́ lónìí, orí fóònù ni wọ́n ti ń gbọ́ pé iṣẹ́ wọn ti tán. Bí mo bá ń kọjá níwájú gbọ̀ngàn yẹn, orin ìyìn ni mò ń gbọ́ níbi tí wọ́n ti ń já wáyà ìwé. N kò bínú sí i. Ilé tó bá ṣófo, ẹnì kan á gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ mi, níbikíbi tí orúkọ bá wà lórí ìwé, tí nọ́ńbà wà níwájú rẹ̀, ẹnì kan ló jókòó tì í, tó rò ó pọ̀, tí ìṣirò rẹ̀ sì tọ̀nà.

Àwọn ọmọ Délé máa ń bi mí bóyá Síkírá dárí jì mí. N kò mọ̀. Mo fi lẹ́tà sílẹ̀ fún un lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, èsì kò wá. Ó lè jẹ́ pé àánú ló fi pa ẹnu mọ́, ó lè jẹ́ pé orúkọ mi ló kórò lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ kò ju èyí lọ: mo jẹ oúnjẹ ìyá rẹ̀ tán, mo ṣe àmín sí àdúrà rẹ̀, mo sì wọ mọ́tò padà sí Ọ̀tà pẹ̀lú ohun tí mo bá wá lẹ́nu, láìsọ ọ́.